Mo bi màmá kan ní ìbéèrè ìrántí, ó dìde kúrò níwájú mi: ẹ gbà mí nímọ̀ràn (Ilé-Ifẹ̀)

Ọmọ_Nọ́ọ̀sì (Ọjọ́bọ̀, 8:47 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí, mo sì fẹ́ kí àwọn tó jù mí lọ bá mi dá sí i.

Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ni mí níbí ní Ifẹ̀, Part 4 ni mo wà. Lára iṣẹ́ wa ní sáà yìí, ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan ni àwa mẹ́fà máa ń lọ bá àwọn àgbàlagbà tó ń pé jọ sí gbọ̀ngàn kan lágbègbè Ẹ̀lẹ́yẹlé. A ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, a ń yẹ ṣúgà wò, a jọ ń na apá na ẹsẹ̀, àwọn bàbá ń ta ayò lábẹ́ igi, a sì ń bá wọn sọ̀rọ̀ nípa ohun tó ń dáàbò bo ọpọlọ àti ohun tó ń bà á jẹ́. Bí ogójì ènìyàn ló máa ń wá. Kò sí kíláàsì tí mo fẹ́ràn tó o.

Lónìí, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń yẹ ìrántí wò ni wọ́n kó fún wa. Lóru àná ni mo jókòó tì í, mo túmọ̀ ìbéèrè inú rẹ̀ sí Yorùbá. Màmá tó kọ́kọ́ bọ́ sí mi lọ́wọ́ jẹ́ ẹni ọdún 78. Mo mú bíírò, mo bẹ̀rẹ̀: "Kí ni déètì òní? Oṣù wo la wà? Ẹ yọ 7 kúrò nínú 100. Ẹ tún yọ 7 kúrò nínú èyí tó kù." Màmá ò dáhùn. Mo tún un bi, mo gbé ohùn sókè. Àwọn tó wà lórí àga yòókù ti ń wò wá. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé orí mi ti dàrú lójú ẹ ni?" Ó fa ìborùn rẹ̀ sí èjìká, ó dìde, ó lọ.

Màmá yìí ló máa ń di ẹ̀pà sísun wá fún wa. Ẹnì kejì mi ní kí n pe ẹlòmíràn, pé fọ́ọ̀mù 10 la gbọ́dọ̀ kó padà. Mi ò lè ṣe é. Láti ìgbà tí mo ti dé hóstẹ́ẹ̀lì ni omi ti ń bọ́ lójú mi.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo la ṣe ń yẹ ìrántí àgbà wò tí kò fi ní dà bí ẹni pé a pè é ní wèrè? Ṣé kí n pa fọ́ọ̀mù yẹn tì pátápátá ni?

Ìyá_Ìlódè (Ọjọ́bọ̀, 9:32 alẹ́)

Ọmọ mi, nu ojú ẹ. Ọdún 34 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ti wo èmi náà bẹ́ẹ̀ rí.

Má dúró di Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Wá ilé rẹ̀ lọ. Má mú fọ́ọ̀mù, má mú ẹ̀rọ, má sì wọ aṣọ iṣẹ́. Kúnlẹ̀, kí o ní, "Màmá, mo ṣì í ṣe, ẹ má bínú." Tí o bá bá a lẹ́nu iṣẹ́, bá a dá sí i.

Ó wá ku ìbéèrè tí o túmọ̀. Ẹni tó lọ ilé ìwé ni wọ́n kọ ọ́ fún. Màmá tí kò gbé kàlẹ́ńdà kọ́ ògiri rí, kí ló fẹ́ fi déètì ṣe? Ṣùgbọ́n bi í pé ọjà tó máa ń ná, ìgbà wo ló tún kàn, á sọ ọ́ kí o tó parí ọ̀rọ̀. Oníṣẹ̀ṣe mọ ọjọ́ Ọbàtálá, ọjọ́ Ifá, ọjọ́ Ògún àti ọjọ́ Jàkúta. Ọjọ́ mẹ́rin yẹn ni ọ̀sẹ̀ àwọn baba wa. Mùsùlùmí mọ Jímọ̀, ọmọ ìjọ mọ ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ìgbà bá ti ń dàrú mọ́ lójú, ibẹ̀ gan-an ni wàá ti mọ̀. Bákan náà ni ti ìṣirò. "Màmá, bí mo bá ra gààrí 350 náírà lọ́wọ́ yín, tí mo fún yín ní 1,000, èló ni ṣéńjì mi?" Ẹni tó ti tajà fún ogójì ọdún, bí kò bá rí 650 yẹn yọ mọ́, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀.

Èyí tí wọn kì í kọ sínú ìwé nìyí: ìkíni ni àyẹ̀wò àkọ́kọ́. Nígbà tí o bá ń kí i, fetí sílẹ̀. Ṣé ó rántí orúkọ ẹ? Ṣé ó béèrè ìdánwò tí o sọ fún un lọ́sẹ̀ tó kọjá? Ṣé ó ń da orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ pọ̀? Ṣé ìtàn kan náà ló sọ fún ẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí omi tó hó? Púpọ̀ nínú àwọn aláìsàn mi, ibi ìkíni ni mo ti fura sí wọn.

Mi ò ní kí o ju fọ́ọ̀mù nù o. Lọ bá olùkọ́ yín, kí ẹ jọ tún un ṣe.

Olùwádìí_Bódìjà (Ọjọ́bọ̀, 10:15 alẹ́)

Màmá Ìlódè, ẹ ṣeun mà. Ohun tí ẹ sọ yìí, àwọn tó ṣe ìwádìí Ìbàdàn pàdé rẹ̀ lọ́nà.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: ní 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn, pẹ̀lú Hugh Hendrie àti àwọn tirẹ̀ ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan lórí àrùn ìgbàgbé. Àwọn Yorùbá tó ti lé ní ọdún 65 ní Ìdíkàn, àdúgbò kan ní Ìbàdàn, ni wọ́n fi wé àwọn aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ ẹgbẹ́ wọn lọ́hùn-ún. Ìṣòro tí Ọmọ_Nọ́ọ̀sì bá pàdé lónìí ló kọ́kọ́ dojú kọ wọ́n: báwo lo ṣe máa ní kí ẹni tí kò di pẹ́ńsù mú rí ya àwòrán? Ìkọ̀wé tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ̀ ni yóò mú un kùnà, ọpọlọ rẹ̀ lè yè kooro. Nígbà tó yá, wọ́n gbé igi ìṣáná lé wọn lọ́wọ́, wọ́n to tiwọn, wọ́n ní kí àgbà to irú rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló ti di ìṣáná mú rí. Àyẹ̀wò yẹn wà nínú ìwé ìmọ̀ ìṣègùn títí dòní, Ìbàdàn ló sì ti jáde.

Wọn kò fi mọ sí ẹnu àgbà nìkan. Wọ́n ń bi ẹni tó ń bá a gbé: ṣé ó ṣì ń dáná bó ṣe ń dáná tẹ́lẹ̀, ṣé ó ń ṣìnà ládùúgbò tó ti gbé láti kékeré. Ìdajì òótọ́ wà lẹ́nu ọmọ àti ìyàwó ilé.

Nígbà tí èsì jáde ní 2001, nínú ẹni 100 lọ́dún kan, àwọn tí àrùn ìgbàgbé ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní Ìbàdàn jẹ́ 1.35, ti Indianapolis jẹ́ 3.24. Ká ní fọ́ọ̀mù òkèèrè ni wọ́n gbé kalẹ̀ bó ṣe wà, ọ̀pọ̀ ará Ìdíkàn ni wọn ì bá ṣì kà sí aláìsàn.

Tísà_Mòòrè (Ọjọ́ Ẹtì, 6:20 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o. Mo ka gbogbo rẹ̀, ó dára, ṣùgbọ́n ohun kan kò wọ̀ mí létí. Àwọn bàbá wa ṣarán, a bọ́ wọn, a wẹ̀ wọ́n, a sin wọ́n tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Kí la fẹ́ fi pe arán ní àìsàn? Ogbó ni. Ẹ má kọ́ àwọn ọmọ yìí láti máa fi orúkọ àrùn pe àgbà.

Ìyá_Ìlódè (Ọjọ́ Ẹtì, 7:05 àárọ̀)

Tísà, ẹ káàárọ̀ sà. Ìtọ́jú tí ẹ sọ yẹn, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó parun láàárín wa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín. Màmá tó gbàgbé iyọ̀ sínú ọbẹ̀, ogbó ni, èmi náà ń ṣe é. Màmá tó ti ń ro ọkà láti ogójì ọdún, tó wá di ọmọ orogùn mú tí kò mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe, ṣé ogbó náà nìyẹn?

Ìdí mìíràn wà tí mo fi ń bẹ̀rù ọ̀rọ̀ yẹn, "ó ń ṣarán." Bí a bá ti sọ ọ́, ọ̀rọ̀ parí, kò sẹ́ni tó ń lọ ilé ìwòsàn mọ́. Bẹ́ẹ̀ àwọn kan wà tí ohun tó ń dà wọ́n lórí rú ṣeé wò. Bàbá kan ṣubú lórí ọ̀kadà, ó dìde, ó ní kò ṣe òun ní nǹkan kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ó ń sọ ìsọkúsọ. Ẹ̀jẹ̀ ló ti rọra ń sun jọ sínú agbárí rẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ojú rẹ̀ wálẹ̀. Àìtó fítámì B12 ń fà á. Àìsàn ẹṣẹ́ ọrùn tí wọ́n ń pè ní thyroid ń fà á. Kòkòrò inú ìtọ̀ ń dà àgbà lórí rú láàárín ọjọ́ méjì. Oògùn tí wọ́n kó lé ara wọn náà ń fà á. Ìbànújẹ́ tó pẹ́ máa ń jọ ìgbàgbé débi pé ojú dókítà lè ṣì í. Ẹ ò rí i, Tísà, arán tí a sọ pé ó jẹ́ ti ogbó, a kò tíì wò ó ká tó sọ bẹ́ẹ̀.

Olùwádìí_Bódìjà (Ọjọ́ Ẹtì, 7:40 àárọ̀)

Mo fi kún un: ní 2024, ìgbìmọ̀ onímọ̀ tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet pè jọ ka nǹkan 14 sílẹ̀. Wọ́n ní bí aráyé bá lè mú gbogbo rẹ̀ kúrò pátá, nínú àrùn ìgbàgbé 100, nǹkan bí 45 ni a lè dènà tàbí kí a sún síwájú. Àìlọ ilé ìwé wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru wà níbẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà, sìgá, ọtí, orí fífọ́ nínú jàǹbá, àìrìn, ìdánìkanwà, ìrẹ̀wẹ̀sì, èéfín, ojú tí kò ríran tí wọn kò tọ́jú. Èyí tí àwọn ènìyàn kì í fura sí ni etí dídi. Ẹni tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ yóò yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ kò sì ní rí ohun jẹ. Ọmọ_Nọ́ọ̀sì, o ní o bi màmá lẹ́ẹ̀kan kò dáhùn. Ṣé ó gbọ́ ẹ?

Ọmọ_Nọ́ọ̀sì (Ọjọ́ Ẹtì, 8:02 àárọ̀)

Ẹ̀gbọ́n, ara mi bù máṣọ. Mi ò tilẹ̀ ronú kan ibẹ̀. Apá òsì rẹ̀ ni mo jókòó sí.

Ọmọ_Ẹ̀rẹ́jà (Ọjọ́ Ẹtì, 1:18 ọ̀sán)

Láti Iléṣà ni mo ti ń ka èyí. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Ìyá ìyá mi tajà títí ó fi lé ní ọdún 70. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lóru. A ó bá a níta ní aago mẹ́ta òru, a ó ní, "Màmá, níbo lẹ ń lọ?" Á ní òun ń lọ pàtẹ. Á máa bá ọkọ rẹ̀ tó ti kú sọ̀rọ̀. Ó tún wá ń sọ pé òun lòun pa ọmọ òun tó kú ní kékeré. Ẹ̀yin náà mọ orúkọ tí àdúgbò fún un. Àwọn ọmọ tó ń jẹ àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò gba ẹnu ọ̀nà wa kọjá mọ́. Ẹbí gbé e lọ sí ilé àdúrà kan. Oṣù mẹ́ta ló lò níbẹ̀, wọ́n sì ń fi okùn dè é mọ́ òpó lálaalẹ́. Àpá okùn yẹn wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ títí a fi sin ín.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń lọ láti ilé dé ilé nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ó ti wọ̀n mí tán, ó ti fẹ́ máa lọ, ó wá gbọ́ ohùn màmá láti yàrá. Ó ní ṣé òun lè kí wọn. Ó jókòó tì wọ́n fún bíi wákàtí kan. Kò sọ pé òun mọ ohun tó ń ṣe wọ́n o. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí dókítà wò wọ́n, èmi náà á tẹ̀ lé yín lọ." Ó sì tẹ̀ lé wa lọ lóòótọ́.

Dókítà ní àrùn ìgbàgbé ni, pé kò sí oògùn tó lè pa á rẹ́. Àwa la wá yí padà. A gbé ìdè ilẹ̀kùn sókè níbi tí wọn kò ti ní fojú wá a. A tan iná sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lóru. A ò jiyàn mọ́ pé bàbá ti kú. Bí wọ́n bá ní àwọn ń lọ pàtẹ, a ó gbé igbá ẹ̀wà fún wọn, wọ́n á máa ṣà á títí oorun á fi dé. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n lò sí i. Orí ibùsùn wọn ni wọ́n kú sí, pẹ̀lú wa láyìíká wọn.

Ọmọ nọ́ọ̀sì, má pa á tì. Ẹnì kan tó jókòó tì wọ́n fún wákàtí kan ló gba ìyá mi àgbà lọ́wọ́ okùn.

Olùwádìí_Bódìjà (Ọjọ́ Ẹtì, 2:50 ọ̀sán)

Ẹ kú ara fẹ́ra kù, Ọmọ_Ẹ̀rẹ́jà. Kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ màmá. Oṣù kìíní 2023 ni òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ di òfin ní Nàìjíríà, èyí tó rọ́pò òfin àtijọ́ ti 1958 tó ń pe aláìsàn ní wèrè. Ẹ̀tọ́ aláìsàn wà nínú rẹ̀. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń wọ ilé onílé mọ̀ ọ́n, nítorí irú okùn yẹn, òun ló máa kọ́kọ́ rí i.

Bàbá_Lágere (Ọjọ́ Ẹtì, 7:33 alẹ́)

Mo ti gbọ́ gbogbo yín. Ẹ jẹ́ kí èmi tí wọ́n ń wọ̀n sọ tèmi. Ẹni ọdún 71 ni mí, ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí.

Láàárín ọdún mẹ́rin, ọ̀wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Wọ́n gún mi lọ́mọ ìka. Wọ́n bi mí bóyá inú mi ń dùn. Wọ́n yà mí ní fọ́tò. Ọ̀wọ́ wo ló padà wá sọ èsì fún mi? Kò sí. Mi ò mọ nọ́ńbà tí wọ́n kọ sílẹ̀ nípa ara èmi fúnra mi. Ọ̀wọ́ kejì kò mọ̀ pé ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ wá rí. Bí sáà bá ti parí, ó di kí àwọn mìíràn tún dé.

Àwa kọ́ ni ìwé ìdánwò yín. Ọmọ nọ́ọ̀sì, ọkàn rẹ dára, mo rí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹkún ni mo fẹ́. Ẹ kọ nọ́ńbà mi fún mi.

Fìṣíò_Part5 (Ọjọ́ Ẹtì, 9:10 alẹ́)

Bàbá, ẹ forí jì wá sà. Mo dọ̀bálẹ̀. Mi ò ní àwíjàre kankan, nítorí èmi náà ti wà nínú ọ̀wọ́ tí kò padà. A ṣe sáà kan, a gba máàkì, a lọ. Mo ṣì ń rántí bàbá kan tí mo ṣèlérí pé n ó mú ìwé eré ìdárayá wá fún.

Bàbá yẹn gan-an ló kọ́ mi ní nǹkan tí mi ò rí nínú ìwé. Mo ti ní kí ó yọ 7 kúrò nínú 100, ó dúró sí 93, ó ní òun ò ṣe mọ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó kùnà. Lẹ́yìn náà a ta ayò. Ihò 12, ọmọ 48, gbogbo rẹ̀ ló ń kà láìfọwọ́ kàn án. Ó mọ iye tó wà nínú ihò mi, ó mọ ibi tí ọmọ tó kẹ́yìn yóò balẹ̀ sí, ó sì ń bá mi tàkùrọ̀sọ lórí bọ́ọ̀lù. Ó pa mí lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Mo padà lọ fa igi lé ohun tí mo kọ.

Ìyá_Ìlódè (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:44 àárọ̀)

Bàbá Lágere, ẹ káàárọ̀ sà. Ohun tí ẹ béèrè yìí, ilẹ̀ wa níbí ni ìdáhùn rẹ̀ wà, ó ti pẹ́.

Ní òpin àwọn ọdún 1950, dókítà òyìnbó kan, David Morley, wà ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Àwọn ọmọdé ń kú lọ́pọ̀lọpọ̀ nígbà náà: èèyi, ìgbẹ́ gbuuru, àìjẹunre-kánú. Ó lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, òun àti àwọn nọ́ọ̀sì ń wọn àwọn ọmọ lóṣooṣù, wọ́n sì ń fa ìlà ìdàgbàsókè wọn sórí káàdì. Ibo ni wọ́n ń tọ́jú káàdì sí? Ọwọ́ ìyá ọmọ ni. Ilé ló ń gbé e lọ. Bí ìlà bá ti ń wálẹ̀, ìyá tí kò mọ ìwé kà yóò rí i. Ibikíbi tó bá gbé ọmọ lọ, káàdì ń tẹ̀ lé e. Láti Ìlú Ìjẹ̀ṣà yẹn ni káàdì wíwọn ọmọ ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Káàdì tí àwa nọ́ọ̀sì lò nìyẹn, òun ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ tèmi.

Bí ìyá ọmọ tí kò kàwé bá lè tọ́jú káàdì ọmọ rẹ̀, kí ló dé tí ìwé ìlera Bàbá Lágere kò lè wà lábẹ́ ìrọ̀rí Bàbá Lágere? Ìwé kékeré lásán. Ọjọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà, bó ṣe ń gbọ́ràn sí, bó ṣe ń ríran sí, ohun tí ọmọ ilé sọ nípa ìrántí rẹ̀, orúkọ oògùn tó ń lò. Ọ̀wọ́ tó bá dé á ka èyí tí ọ̀wọ́ tó lọ kọ. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ bá àwọn olùkọ́ yín lọ́jọ́ Ajé.

Dọ́lá_Part2 (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11:26 àárọ̀)

Ẹ dákun, èmi kò tíì dé ìpele tí wọ́n ń jẹ́ ká wọn ẹnikẹ́ni, mo kàn máa ń bá wọn gbé àga ni. Ṣùgbọ́n àwọn màmá yìí ń tọ́jú ọpọlọ tèmi. Lọ́sẹ̀ ìdánwò, mo ti ṣe TDB fún ọjọ́ mẹ́ta, mò ń kàwé títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Màmá kan di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ojú ẹ ti pọ́n. Kí lo fẹ́ fi ohun tí o kà sí, nígbà tí o ò jẹ́ kí orí rí ibi gbé e sí?" Mo lọ wò ó, òótọ́ ni: lójú oorun ni ọpọlọ ń to ohun tí a kọ́ sí ààyè rẹ̀. A ti kọ́ ọ ní kíláàsì, ẹnu màmá ló ti wọ̀ mí lára.

Ọmọ_Nọ́ọ̀sì (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3:05 ọ̀sán)

Ẹ ṣeun gan-an. Ìbéèrè kan ṣì wà: èyí tó kẹ́yìn lórí fọ́ọ̀mù ni ìrẹ̀wẹ̀sì. Mo kọ ọ́ pé "Ṣé ẹ ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn?" Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni gbogbo wọn ń dáhùn. Kò lè jẹ́ gbogbo wọn.

Olùwádìí_Bódìjà (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:31 ọ̀sán)

Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ nílé? Ọ̀rọ̀ ìwé ni. Fetí sí ohun tí wọ́n ń sọ: "Ayé sú mi." "Oúnjẹ ò wù mí." "Ooru ń mú mi lórí." "Nǹkan ń rìn mí lórí bí èèrà." "Mi ò rí oorun sùn, ìrònú ni." Àgbà Yorùbá yóò sọ ti ara kó tó sọ ti ọkàn. Bí o bá gbọ́ èèrà orí, má sáré wá oògùn orí fífọ́. Béèrè ẹni tó kú, béèrè ọmọ tí kò pè mọ́, béèrè ọjọ́ tó jáde kẹ́yìn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeoye Lambo mọ èyí nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Àró, Abẹ́òkúta, ní 1954. Àwọn aláìsàn ń gbé pẹ̀lú àwọn ẹbí ní àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n sì tún ń gbé láàárín ènìyàn. Àwọn ará òkèèrè wá kọ́ ọ níbẹ̀. Gbọ̀ngàn yín ní Ẹ̀lẹ́yẹlé, ọmọ ìyá Àró ni.

Ọmọ_Nọ́ọ̀sì (Ọjọ́bọ̀, 7:58 alẹ́)

Mo ti padà dé, mo ní ìròyìn.

Ọjọ́ Àìkú ni mo lọ sílé màmá. Ègúsí ni wọ́n ń bó. Mo kúnlẹ̀, mo tọrọ àforíjì. Wọn ò fèsì, wọ́n ti igbá ègúsí sún mọ́ mi. A bó o títí. Apá ọ̀tún wọn ni mo jókòó sí lọ́tẹ̀ yìí. Gbogbo ohun tí mo sọ ni wọ́n gbọ́. Ọjọ́ tí wọ́n gbé ègúsí wá, èló ni kóńgò kan, ta ló jẹ wọ́n ní gbèsè láti oṣù tó kọjá, wọn ò ṣi ẹyọ kan. Nígbà tí ó yá wọ́n ní, "Mi ò gbọ́ ohun tí o ń sọ lọ́jọ́ náà. O wá ń pariwo mọ́ mi lójú àwọn ẹgbẹ́ mi." Ohun tó bí wọn nínú nìyẹn. Mo ti kọ "kò dáhùn" sórí fọ́ọ̀mù wọn.

Lọ́jọ́ Ajé, mo tẹ̀ lé wọn lọ sí héélì sẹ́ńtà. Ìdọ̀tí ló dí etí òsì, wọ́n fi omi fọ̀ ọ́, ó là díẹ̀; wọ́n ní kí wọ́n tún lọ rí dókítà etí nítorí ìyókù. Ẹ̀jẹ̀ ríru wọn jẹ́ 168/94. Wọ́n tún un wọ̀n, kò yàtọ̀ púpọ̀. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ oògùn. Gbogbo rẹ̀ ni mo kọ sínú ìwé kékeré kan, ìwé náà sì wà lọ́wọ́ màmá.

Olùkọ́ wa ka gbogbo ohun tí ẹ kọ síbí. Wọ́n gbà kí a tún ìbéèrè ṣe pẹ̀lú àwọn àgbà fúnra wọn, kí a sì máa bi ẹni tó ń bá wọn gbé. Ti ìwé kékeré, wọ́n ní kí ọ̀wọ́ wa bẹ̀rẹ̀, pé àwọn á rí i pé ọ̀wọ́ tó ń bọ̀ gbà á lọ́wọ́ wa. Títí di ìgbà tí mo bá rí i pẹ̀lú ojú mi, mi ò ní sọ pé ó ti parí.

Lónìí màmá wá sí gbọ̀ngàn, wọ́n sì mú ẹ̀pà dání. Wọ́n ní àwọn náà fẹ́ yẹ ìrántí mi wò. Wọ́n ní, "Kí lorúkọ ìyá tó bí ìyá ìyá ẹ?" Mi ò mọ̀ ọ́n. Gbogbo wa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni wọ́n bi, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ tirẹ̀. Wọ́n ní kí àwa márùn-ún yòókù lọ bi àwọn ará ilé wa, kí a mú èsì wá lọ́jọ́bọ̀.

Tísà_Mòòrè (Ọjọ́bọ̀, 8:20 alẹ́)

Ọmọ mi, mo ka ti etí yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kì í dáhùn mọ́ bí a bá ń bá a sọ̀rọ̀, a sì ti gbà pé arán ni. N ó mú un wá.

Bàbá_Lágere (Ọjọ́bọ̀, 8:41 alẹ́)

Aago mélòó lẹ ń bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ_Nọ́ọ̀sì (Ọjọ́bọ̀, 8:44 alẹ́)

Aago mẹ́ta ọ̀sán, sà. Ìwé yín ti wà nínú báàgì mi. Orúkọ yín nìkan ló kù tí n ó kọ sí i.